Ìrẹsì tó hu àwọ̀ ewé kò tíì di oògùn kòkòrò

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀nà Imota ní Ìkòròdú ni oko mi wà. Àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ ni mo ń gbìn, pẹ̀lú ẹ̀fọ́ díẹ̀. Owó oògùn kòkòrò ti wọ́n jù, ara sì máa ń yún mi nígbàkígbà tí mo bá fín in. Ọmọ mi obìnrin wá fi fídíò kan hàn mí lórí fóònù, níbi tí wọ́n ti ń fi ìrẹsì gbin fọ́ńgọ́ọ̀sì tó ń pa kòkòrò. A ra pákẹ́ẹ̀tì kan lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì, a dà á sórí ìrẹsì sísè nínú ike mẹ́fà, gbogbo rẹ̀ sì ti hu àwọ̀ ewé báyìí. Ṣé mo lè bẹ̀rẹ̀ sí í fín in? Ṣé ó lè pa tata, kòkòrò inú àgbàdo àti ikán? Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi lóko ti ń bi mí pé èló ni màá tà á.

Ìdáhùn: Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú làálàá oko. Èyí tó kánjú ni n ó kọ́kọ́ dáhùn. Ẹ má tíì fín in, ẹ má tíì tà á fún ẹnikẹ́ni, ẹ má sì jẹ́ kí adìyẹ dé ìdí àwọn ike yẹn. Ohun tí ẹ dáwọ́ lé ṣeé ṣe o, wọ́n sì ti ṣe é yanjú nítòsí wa níbí. Àmọ́ ìdajì iṣẹ́ ni fídíò yẹn fi hàn yín, ìdajì tó rọrùn. Kí nǹkan hù lórí ìrẹsì kò ṣòro rárá. Ẹ gbàgbé ìrẹsì àná sínú ìkòkò, ẹ ó rí i. Kí ènìyàn mọ ohun tó hù gan-an, kó sì mọ̀ dájú pé ó ṣì lágbára láti pa kòkòrò, ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà.

Fọ́ńgọ́ọ̀sì méjì ni wọ́n sábà máa ń lò jù. Èkíní ni Metarhizium, tí àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ ewé tó ṣú díẹ̀. Èkejì ni Beauveria, funfun ni látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Nítorí náà, tó bá jẹ́ Beauveria ni wọ́n tà fún yín, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn, ike mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti bàjẹ́. Ẹ wo ara pákẹ́ẹ̀tì náà wò: ṣé wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀, irú ẹ̀yà tó jẹ́, ọjọ́ tí wọ́n ṣe é? Tí kò bá sí orúkọ, ẹ kò mọ ohun tí ẹ gbìn. Wọ́n ń ta fọ́ńgọ́ọ̀sì mìíràn tó ń jẹ́ Trichoderma ní pákẹ́ẹ̀tì, àwọ̀ ewé sì ni òun náà, ṣùgbọ́n àìsàn gbòǹgbò ni wọ́n ń torí rẹ̀ rà á. Kò ní pa tata yín.

Ẹ wá bi ọmọ yín obìnrin léèrè: ọjọ́ wo ni àwọ̀ ewé kọ́kọ́ yọ? Metarhizium kì í kánjú. Funfun ni ẹ ó kọ́kọ́ rí, tín-ín-rín, tó ń ta okùn láti hóró ìrẹsì kan sí òmíràn. Ó máa ń tó bí ọ̀sẹ̀ kan kí àwọ̀ ewé tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, láàárín ọjọ́ kẹwàá sí ìkẹrìnlá ni ó sì máa ń kún. Èyí tó bá ti tutù yọ̀yọ̀ lọ́jọ́ kẹta tàbí ìkẹrin, àlejò tí ẹ kò pè ni. Ó lè jẹ́ Trichoderma tí mo dárúkọ yẹn, ó sì lè jẹ́ Aspergillus flavus, tí àwọ̀ ewé tirẹ̀ fẹ́ jọ ìyeyè díẹ̀.

Aspergillus yìí ló ń bà mí lẹ́rù. Òun ló máa ń bu lórí àgbàdo àti ẹ̀pà tí kò gbẹ dáadáa, tó ń fi májèlé aflatoxin sínú wọn, májèlé tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ tó sì lè fa jẹjẹrẹ ibẹ̀. Sísè lórí iná kì í mú májèlé náà kúrò. Ìdí tí mo fi dárúkọ adìyẹ nìyẹn. Mo mọ̀ pé lásìkò ọ̀wọ́n gógó yìí kò sẹ́ni tó fẹ́ da ìrẹsì nù, àwọn kan á sì ní kí àwọn fún ewúrẹ́ tàbí ẹja inú adágún jẹ. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ike tí kò bá dá yín lójú, ẹ wọ ìbòmú, ẹ gbé e síta kí ẹ tó ṣí i, ẹ da omi tó ń hó lé e lórí, kí ẹ sì rì í mọ́lẹ̀ jìnnà sí kànga. Bákan náà ni ti ike tó bá ní àwọ̀ dúdú tàbí àwọ̀ ọsàn, tàbí tó ń yọ̀ tó sì ń rùn kíkan. Tí àwọ̀ méjì bá wà nínú ike kan ṣoṣo, ẹ má ṣe ní kí ẹ ṣa rere kúrò lára búburú, gbogbo rẹ̀ ló ti dàpọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí ó ṣe ń pa kòkòrò, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ìyókù ti wá. Kẹ́míkà máa ń dá kòkòrò lulẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Fọ́ńgọ́ọ̀sì ń fi àìsàn ṣe é. Irúgbìn rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní spore, tí ojú lásán kò lè rí lọ́kọ̀ọ̀kan, á lẹ̀ mọ́ ara kòkòrò. Láàárín nǹkan bí ọjọ́ kan á hù, á máa yọ́ èèpo ara kòkòrò náà, á sì lu ú wọlé. Tó bá ti dé inú ẹ̀jẹ̀, ó ń pọ̀ sí i nìyẹn. Kòkòrò kò ní láti jẹ ẹ́ rárá. Oúnjẹ ni yóò kọ́kọ́ sú u, á máa rìn bí ẹni tó rẹ̀, á wá kú lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, nígbà mìíràn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Bí ìrì àti òjò bá wà, fọ́ńgọ́ọ̀sì á tún gba ara òkú náà jáde, funfun lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà àwọ̀ ewé. Ẹni tó bá fín in lónìí tó sì retí òkú kòkòrò lọ́la, á sọ pé ayédèrú ni.

Ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti mọ èyí. Ní 1835, Agostino Bassi ní ilẹ̀ Ítálì fi hàn pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ló ń pa kòkòrò tó ń ṣe sílíkì, orúkọ rẹ̀ ló sì wà lára Beauveria bassiana títí dòní. Ní 1879, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan tó ń jẹ́ Metchnikoff, ní ìlú Odessa, rí Metarhizium lára kòkòrò tó ń jẹ àlìkámà. Èyí tó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n ni ti Kútọnu, tí kò jìnnà sí ará Àgbádárìgì tó bá ti gba Sẹ̀mẹ̀ kọjá. Lẹ́yìn tí eéṣú ti da Sahel, ilẹ̀ gbígbẹ tó wà nísàlẹ̀ aṣálẹ̀ Sàhárà, láàmú, iṣẹ́ ìwádìí kan tí wọ́n ń pè ní LUBILOSA bẹ̀rẹ̀ ní 1989, IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀, ní Kútọnu sì wà lára àwọn tó ṣe é. Fọ́ńgọ́ọ̀sì tí wọ́n rí lára tata kan ní orílẹ̀-èdè Niger ni wọ́n gbìn, orí ìrẹsì ni wọ́n sì gbìn ín sí. Oògùn tó ti ibẹ̀ jáde ni Green Muscle. Spore gbígbẹ tó wúwo tó 50 gíráàmù péré ló ń tó hẹ́kítà kan.

Nínú ìtàn yẹn, ohun méjì ni kí ẹ mú dání. Ẹ̀yà tí wọ́n lò níbẹ̀, tata àti eéṣú nìkan ló ń pa. Ẹ lè dà á sórí kòkòrò inú àgbàdo títí ilẹ̀ á fi ṣú, kò ní ṣe é ní nǹkan kan. Orúkọ Metarhizium nìkan kò tó, ẹ̀yà rẹ̀ ló ń sọ ẹni tí yóò pa. Èkejì ni pé ìrẹsì tí wọ́n lò níbẹ̀ kò yàtọ̀ sí tiwa, ṣùgbọ́n àwọn tó ń wo inú maikirosíkóòpù wà nídìí gbogbo ìpele.

Tí ẹ bá ṣì fẹ́ ṣe é, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí irúgbìn gidi. Ẹ kọ̀wé sí IITA ní Ìbàdàn, tàbí kí ẹ béèrè lọ́wọ́ ilé ẹ̀kọ́ gíga tó ń kọ́ni nípa ààbò irè oko, kí ẹ sì sọ kòkòrò tó ń dà yín láàmú fún wọn kí wọ́n lè mọ ẹ̀yà tó yẹ. Ẹ má ṣe máa ti inú ìrẹsì àtijọ́ bu sínú tuntun léraléra. Fọ́ńgọ́ọ̀sì tó ń jẹ ìrẹsì láti ìran dé ìran máa ń gbàgbé bí wọ́n ṣe ń pa kòkòrò. Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí máa ń gbà á padà láti ara kòkòrò tó ti pa kó má bàa rọ.

Ní ti ìrẹsì, ẹ̀yin tí ẹ wà lọ́nà ilé iṣẹ́ ìrẹsì Imota tí wọ́n ṣí lóṣù kìn-ín-ní ọdún 2023, ọkàn yín lè lọ sí èérún ìrẹsì nítorí owó rẹ̀. Èmi kò fẹ́ ẹ. Èérún máa ń lẹ̀ pọ̀ di ògìdìgbó, afẹ́fẹ́ kò ní ráyè wọ àárín rẹ̀, ibẹ̀ sì ni bakitéríà máa ń sá pamọ́ sí. Ìrẹsì odidi tí wọ́n ti bọ̀ láti ilé iṣẹ́, èyí tí gbogbo wa ń rà lọ́jà, ló dára jù. Ẹ bọ̀ ọ́ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ sẹ́ omi rẹ̀ kúrò pátápátá, kí hóró kọ̀ọ̀kan dá dúró kó sì le láàárín. Tó bá ti dé ibi tí ènìyàn lè fi ọbẹ̀ jẹ ẹ́, ẹ ti sè é jù.

Lẹ́yìn èyí ni pípa àwọn ohun àìfojúrí tó wà lára rẹ̀, ibí yìí sì ni fídíò sábà máa ń fò. Omi híhó lásán kì í pa gbogbo wọn, àwọn bakitéríà kan máa ń di kóró tí ooru 100 lórí òṣùwọ̀n Celsius kò ràn. 121 ni wọ́n ń fẹ́, ìkòkò pírẹ́ṣọ̀ tó bá gbé agbára 15 psi ló sì ń dé ibẹ̀. Ẹ dì í ní ìdajì kìlò sínú náílọ́ọ̀nù tó gba ooru, kí ẹ fi òwú dí ẹnu rẹ̀. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni, láti ìgbà tí ìkòkò ti gbé agbára dé òkè ni ẹ ó sì ti máa kà á. Tí ìkòkò yín kò bá lágbára tó bẹ́ẹ̀, ọ̀nà àtijọ́ kan wà: ẹ fi ooru omi híhó sè é fún wákàtí kan lónìí, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́la, kí ẹ tún ṣe é lọ́túnla. Kóró tí kò kú lónìí á jí lóru, tọ̀la á sì pa á. Ó ń jẹ gáàsì o, mo kìlọ̀ fún yín.

Ẹ jẹ́ kó tutù pátápátá kí ẹ tó fi irúgbìn sí i. Ẹ pa fáànù, ẹ ti fèrèsé, ẹ fi sípíríìtì nu ọwọ́ àti tábìlì. Ní Kútọnu, wọ́n kọ́kọ́ máa ń tọ́ fọ́ńgọ́ọ̀sì sínú omi ṣúgà àti ìwúkàrà fún bí ọjọ́ mẹ́ta, kó ti jí kó tó bá ìrẹsì, kó lè yára gba ilẹ̀ mọ́ àlejò lọ́wọ́. Yàrá tí ẹ ó gbé e sí kò gbọdọ̀ gbóná jù. 25 sí 28 Celsius ló dára. Yàrá abẹ́ páánù tí kò ní sílìń máa ń kọjá 33 lọ́sàn-án oṣù kejì àti ìkẹta, fọ́ńgọ́ọ̀sì á rọ, tàbí kó má hù mọ́. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, ẹ fi ọwọ́ fọ́ ìrẹsì náà láti ìta náílọ́ọ̀nù kó má bàa dì.

Gbígbẹ ni ibi tí a ti ń jìyà jù ní Ìkòròdú, Ẹ̀pẹ́ àti Àgbádárìgì, nítorí ọ̀sà kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wa gbẹ. Spore tí ẹ fẹ́ fi pamọ́ fún oṣù púpọ̀, omi inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ wálẹ̀ sí nǹkan bí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ má sá a sóòrùn. Ìtànṣán oòrùn ń pa á láàárín wákàtí mélòó kan, gbogbo làálàá yín á sì di eruku lásán. Yàrá tó ní ẹ̀rọ amúlétutù ni, lẹ́yìn náà kí ẹ dé e mọ́ inú ike pẹ̀lú silica gel, hóró tó ń fa omi mu, kí ẹ sì gbé e sí fíríìjì. Mo mọ bí iná ṣe ń ṣe wá. Ìdí nìyẹn tí n kò fi ní gba àgbẹ̀ tó ń ṣe é fún oko ara rẹ̀ nímọ̀ràn pé kó máa gbẹ ẹ́. Tó bá ti gbó, kí ẹ fọ̀ ọ́ kúrò lára ìrẹsì, kí ẹ sì lò ó lálẹ́ ọjọ́ náà.

Kí ẹ tó lò ó lóko, ẹ dán an wò. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe sí àwọn ike yín tí àwọ̀ ewé wọn kò yára yọ nìyí. Ẹ mú díẹ̀ nínú ọ̀kan, ẹ wọ ìbòmú, ẹ fọ̀ ọ́ sínú omi tí ẹ kán ọṣẹ olómi díẹ̀ sí. Láìsí ọṣẹ, spore á kàn léfòó lójú omi ni, kò ní pò pọ̀. Ẹ sẹ́ ẹ. Ẹ mú tata bí ogójì, kí ẹ pín wọn sínú àgò méjì tí afẹ́fẹ́ ń wọ̀. Ẹ fín omi fọ́ńgọ́ọ̀sì sí àwọn ogún kan lára, ẹ fín omi ọṣẹ lásán sí ogún kejì. Ẹ máa fún wọn ní ewé tútù lójoojúmọ́, kí ẹ máa kọ iye tó kú sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Tí wọ́n bá ń kú bákan náà nínú àgò méjèèjì, àgò ló ń pa wọ́n. Tí ti fọ́ńgọ́ọ̀sì bá kú jù, ẹ má tíì yọ̀. Ẹ kó àwọn òkú náà, ẹ rì wọ́n sínú omi tí ẹ fi Jik díẹ̀ sí fún ìṣẹ́jú kan, ẹ fi omi mímọ́ ṣàn wọ́n, kí ẹ tẹ́ wọn sórí tíṣù tútù nínú ike tó ní ìdérí. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́fà, tó bá jẹ́ Metarhizium ló pa wọ́n, òwú funfun á yọ láàárín oríkèé ara wọn, á sì yí padà sí àwọ̀ ewé. Jik ti pa ohun tó wà lára wọn lóde, nítorí náà ohun tó yọ, inú ló ti wá. Èyí ni ẹ ó mú lọ fún ẹni tó ní maikirosíkóòpù. Ilé ẹ̀kọ́ gíga LASUSTECH wà ní Ìkòròdú lọ́dọ̀ yín, ẹ lọ béèrè níbẹ̀ ná. Ẹni tó mọ̀ ọ́n kò ní pẹ́ kó tó dá Metarhizium mọ̀ yàtọ̀ sí Aspergillus.

Ní ti kòkòrò mẹ́ta tí ẹ dárúkọ, tata ló rọrùn jù. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn ọmọ tata aláràbarà tó ń jẹ ẹ̀gẹ́ máa ń pagbo jọ sórí ewé Akíntọ́lá létí oko, kí wọ́n tó ní ìyẹ́. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti ká wọn mọ́, ní ìrọ̀lẹ́, kí oòrùn má bàa pa oògùn yín kí ó tó wọ ara wọn. Ẹ fọ ẹ̀rọ ìfín-oògùn yín dáadáa ṣáájú. Tí mancozeb tàbí oògùn èbu mìíràn bá ṣẹ́kù sínú rẹ̀, fọ́ńgọ́ọ̀sì yín náà ló máa pa.

Kòkòrò inú àgbàdo, èyí tó yọ sí wa ní 2016, le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Inú ọkàn àgbàdo ló ń sá sí, ìgbẹ́ rẹ̀ sì máa ń dí ẹnu ọ̀nà. Ó tún máa ń bọ́ awọ, spore tó lẹ̀ mọ́ awọ àtijọ́ á sì bá a lọ. Ìgbà tó ṣì kéré, tí ewé ṣẹ̀ṣẹ̀ ní ojú fèrèsé wẹ́ẹ́rẹ́wẹ́ẹ́rẹ́, ni kí ẹ fín in, kí ẹ sì darí ẹnu ẹ̀rọ sínú ọkàn rẹ̀ gan-an. Ẹ̀yà mìíràn ni ẹ ó sì nílò fún un.

Ikán ni kí ẹ yọ ọkàn kúrò lára rẹ̀. Nínú ìgò, Metarhizium ń pa wọ́n lọ́pọ̀lọpọ̀. Lóko, wọ́n máa ń gbóòórùn spore, wọ́n á yà kúrò níbẹ̀, wọ́n á máa nu ara wọn, wọ́n á sì sin òkú tó bá wà láàárín wọn kí àìsàn má bàa tàn. Ẹni tó bá ń ta omi fọ́ńgọ́ọ̀sì fún yín pé kí ẹ dà á sí ẹnu òkìtì ikán, owó yín ló ń jẹ.

Ó ku ọ̀rọ̀ títà. Lábẹ́ òfin, NAFDAC ló ń forúkọ oògùn kòkòrò sílẹ̀ ní Nàìjíríà, èyí tí wọ́n fi ohun alààyè ṣe náà sì wà lára rẹ̀. Ẹ kò lè rọ ọ́ sínú ìgò kí ẹ máa tà á ní ọjà Ìkòròdú. Yàtọ̀ sí òfin, ike mẹ́fà yín kò lè dọ́gba: ọ̀kan lè kún fún spore tó yè, kí èkejì kún fún òkú spore, ojú lásán kò sì lè mọ̀ ọ́n yàtọ̀. Ilé iṣẹ́ gidi máa ń kà wọ́n lábẹ́ maikirosíkóòpù, wọ́n á sì wò ó pé ó kéré tán, nǹkan bí 85 nínú 100 ń hù láàárín ọjọ́ kan kí wọ́n tó dì í. Tí àwọn ẹlẹgbẹ́ yín bá ní ìfẹ́ sí i, ẹ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, kí ẹ jọ ra ìkòkò pírẹ́ṣọ̀ kan, kí ẹ jọ wá ẹni tó kẹ́kọ̀ọ́ nípa rẹ̀, kí ẹ sì máa lò ó lórí oko tiyín ná. Ẹni tó bá ní ikọ́ ẹ̀gbẹ tàbí asthma láàárín yín, kó má ṣe wọ yàrá tí ẹ ti ń sẹ́ ẹ.